Èsì: Ooru ẹ́ńjìnnì àti epo tí Electra Glide ń jẹ

Ẹ béèrè ìdí tí Electra Glide yín ti ọdún 2012, alùpùpù ńlá tí ilé-iṣẹ́ Harley-Davidson ṣe, fi ń jó yín nítan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí epo rẹ̀ sì ń tètè tán ní òpópónà márosẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì yẹn lára, sìlíńdà (ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì) iwájú ni ó sì ń kọ́kọ́ fẹ́ sí. Ti ẹ̀yìn, tí ó sún mọ́ itan yín gan-an, kì í rí ju àṣẹ́kù lọ, nígbà tí alùpùpù bá sì dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kò rí nǹkan kan rárá. Harley-Davidson mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ètò kan tí ó máa ń dá iṣẹ́ sìlíńdà ẹ̀yìn dúró bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù lórí ìdúró. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ètò náà wà ní títàn.

Ní ti epo, eré ni mo fura sí. Láti máìlì 60 sí 75 ní wákàtí kan, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti alùpùpù padà ń fi ohun tó ju ìdajì lọ lé sí i. Ẹ kún táńkì, ẹ máa sáré 60, ẹ tún un kún, kí ẹ sì fi iye gálọ́ọ̀nù tó wọlé pín iye máìlì tí ẹ rìn. Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ tó ń fi kún epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì: lóòótọ́ ni ó ń dín ooru kù, ṣùgbọ́n yóò tún mú kí epo yín tètè tán sí i.