Kí o tó ya àwòrán eyín aràn inú ẹrẹ̀ òkun, mọ òsì rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀tún

Àbúrò mi, o béèrè ìwọ̀n tí ó yẹ kí o kọ́kọ́ gbà lára aràn róbótó tí o yọ nínú ẹrẹ̀ etí òkun, àti iye aràn tí ó yẹ kí o wọ̀n kí o tó kọ àpèjúwe rẹ̀ jáde. Màá dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fi oṣù mẹ́jọ mi ṣòfò, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ẹrẹ̀ etí omi Westerschelde ní Nẹ́dálándì ni mo ti rí tèmi. Aràn náà tó nǹkan bí mìlímítà méjì ní gígùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì mọ́ gaara. Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ tú èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Tèmi kò tilẹ̀ nílò títú, nítorí pé láti ìta ni mo ti ń wo ọ̀nà ọ̀fun, ìfun, àti ẹyin inú abo. Ètè mẹ́fà ni ó yí ẹnu rẹ̀ ká, irun kúkúrú mẹ́wàá sì tò yí orí ká lẹ́yìn wọn. Ihò ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ògiri rẹ̀ le, eyín mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ní ìhà ẹ̀yìn, méjì ní ìhà ikùn, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí ga ju àwọn yòókù lọ dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Bí ó bá jẹ́ tòsì ni ó ga jù, ọ̀dọ̀ ẹ̀yà aràn tí à ń pè ní Oncholaimus ni wàá ti máa wá orúkọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tọ̀tún, Viscosia ni.

Mo wo àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé tòsì ni ó ga, mo sì kọ Oncholaimus sílẹ̀. Mo fi í wé gbogbo Oncholaimus tí mo rí nínú ìwé, kò bá èyíkéyìí mu, inú mi sì dùn débi pé mo ti fi orúkọ ìyá mi àgbà sọ ọ́ lọ́kàn ara mi, pé irú tuntun ni mo rí. Àwòrán mọ́kàndínlógún ni mo yà kí n tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbé e fún láti yẹ̀ wò dá a padà pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo, pé kí n tún eyín náà wò. Kò sọ ohun tí kí n wò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ a máa wọ́n lẹ́nu irú àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé owó ni wọ́n ń san lé e.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ẹnìkan ti yí ètò kámẹ́rà màíkírósíkópù náà padà lórí kọ̀ǹpútà, tí ó fi ń gbé àwòrán jáde bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, tí òsì ń di ọ̀tún. Alábòójútó ẹ̀rọ náà mọ̀ tipẹ́. Nígbà tí mo bi í, ó ní àwọn tí wọ́n kàn ń ka iye aràn kò ṣàròyé rí. Aràn tí mo fi orúkọ ìyá mi àgbà sọ kì í ṣe nǹkan mìíràn ju Viscosia viscosa, tí onímọ̀ aràn kan, Bastian, ti kọ nípa rẹ̀ láti 1865. Ohun tí ó tù mí nínú díẹ̀ ni pé inú Oncholaimus ni Bastian fúnra rẹ̀ fi í sí. Ó di 1890 kí de Man, onímọ̀ aràn mìíràn, tó dá orúkọ Viscosia sílẹ̀.

Nítorí náà, gé lẹ́tà F kan nínú ìwé ìròyìn, tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, kí o sì wò ó lójú awò àti lójú kọ̀ǹpútà. Màíkírósíkópù a máa dorí rẹ̀ kodò. Ìyẹn kò burú, nítorí pé bí o bá yí orí, wàá kà á. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣe é kà bó ti wù kí o yí i tó, òsì ti di ọ̀tún nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, wá ìhà ikùn: ibẹ̀ ni ihò ìdí àti ihò tí abo ń gbà yé ẹyin máa ń wà. Bí orí aràn bá wà lókè, tí ikùn rẹ̀ sì kọjú sí ọwọ́ òsì rẹ, ẹ̀gbẹ́ òsì aràn ni ó súnmọ́ ojú rẹ, eyín tí o bá sì kọ́kọ́ rí kedere bí o ti ń sún ojú awò láti ẹ̀gbẹ́ tí ó súnmọ́ ọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ ni eyín òsì. Eruku orí gíláàsì ìbòrí ni kí o kọ́kọ́ wá, kí o má baà pe ìsàlẹ̀ ní òkè.

Ọ̀rọ̀ gílísírìn, omi kíki tí a fi ń tọ́jú aràn sórí gíláàsì, náà wà níbẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀sán kan ti tó láti gbé aràn kúrò nínú fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ó jẹrà, sínú gílísírìn, mo gbà wọ́n gbọ́, gbogbo akọ tí mo ní sì rún jègéjègé bí ewé gbígbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o ṣe é, kí ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù rọra gbẹ kúrò nínú àdàlù òun àti gílísírìn, kí gílísírìn nìkan ṣẹ́kù. Má sì ṣe jẹ́ kí gbogbo aràn rẹ wọ fọ́málìn, nítorí pé ó máa ń ba DNA jẹ́.

Ní ti ìwọ̀n, ìyẹn kò le. Gígùn gbogbo ara ni kí o kọ́kọ́ gbà, kí o tọ àárín ara rẹ̀ lọ bí ó ti ká. Bí o bá fi ibi tí ara ti fẹ̀ jù pín in, o ní a. Bí o bá fi gígùn ọ̀nà ọ̀fun pín in, o ní b. Bí o bá fi gígùn ìrù pín in, o ní c, gẹ́gẹ́ bí de Man ti fi lélẹ̀. Wọn akọ àti abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iye tí ọwọ́ rẹ bá ká, kí o má sì gbàgbé spicule akọ, ìyẹn ẹ̀yà ara líle tí ó fi ń gun abo, àti ibi tí ẹyin wà sí ìfun. Kọ ẹ̀gbẹ́ tí aràn dùbúlẹ̀ lé sára gíláàsì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí o bá tẹ́ ẹ, kí ẹni tí yóò wò ó lẹ́yìn rẹ má baà tún ìbéèrè eyín bi ọ́.