Ta Ló Yẹ Kí Olùdíje Sípò Ààrẹ Mú Ṣe Igbákejì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wa. Ará Gúúsù ni ẹni tí a fẹ́ fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, Mùsùlùmí sì ni. Àwọn kan ní dandan ni kí igbákejì rẹ̀ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì láti Àríwá, wọ́n ní òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní ká kọ́kọ́ fi orúkọ ẹnì kan di àyè mú lọ́dọ̀ INEC, tó bá yá a ó pààrọ̀ rẹ̀. Èwo lòfin gbà níbẹ̀? Kí ló sì yẹ ká kọ́kọ́ wò?

ÌDÁHÙN: Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ ka abala 142 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ kò ní bá ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn níbẹ̀, ẹ kò sì ní bá Àríwá tàbí Gúúsù. Ohun tó sọ ni pé olùdíje tí kò bá tíì yan igbákejì kò tíì di olùdíje. Bí ó bá sì wọlé, igbákejì náà bá a wọlé nìyẹn. Kò sí ìdìbò abẹ́lé fún igbákejì, olùdíje fúnra rẹ̀ ló ń yàn án. Àmọ́ gbogbo ohun tí abala 131 béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ààrẹ ló kan igbákejì náà: kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí, kó ti pé ọmọ ọdún 35 (40 ni tẹ́lẹ̀, 2018 ni wọ́n dín in kù), kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀, kó sì kàwé dé ìwọ̀n oníwèé mẹ́wàá, ó kéré tán.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ni ìwé rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èyí làwọn olóṣèlú fẹ́ gbọ́, nítorí ẹni tí yóò kó ìbò wá ni wọ́n ń rò tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Bayelsa. David Lyon ti ẹgbẹ́ APC wọlé ìbò gómìnà níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2019. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù Kejì 2020, tí ìbúra ku ọ̀la, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé e. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kan ìwé Lyon fúnra rẹ̀. Igbákejì rẹ̀, Biobarakuma Degi-Eremienyo, ni orúkọ ara ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò bára mu, ilé ẹjọ́ sì ní ohun tó kọ fún INEC kì í ṣe òótọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n jọ wà, ni wọ́n bá jọ ṣubú. Douye Diri ti PDP ni wọ́n búra fún lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ gómìnà nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n abala 187 tó de gómìnà àti 142 tó de ààrẹ, ìkan náà ni wọ́n.

Nítorí náà, ẹ gba gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á lálejò. Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì, kẹ́ ẹ ka orúkọ orí wọn níkọ̀ọ̀kan. Bó bá ti yí orúkọ padà rí, yálà nítorí ìgbéyàwó tàbí oyè, ẹ béèrè ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìwé ìròyìn tó fi kéde rẹ̀. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá orúkọ rẹ̀ kò sí níbòmíràn tó fẹ́ díje sí. Kashim Shettima ti jẹ́ olùdíje sílé aṣòfin àgbà láti Borno kí Bola Tinubu tó mú un, PDP sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ pé orúkọ rẹ̀ wà níbi méjì. Ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2023, tí ìbúra ku ọjọ́ mẹ́ta, ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó da ẹjọ́ náà nù, ó ní kò kan PDP. Ta ló fẹ́ irú àìsùn bẹ́ẹ̀?

Ti dídi àyè mú ńkọ́? Lọ́dún 2022, ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ni gbèdéke INEC. Tinubu fi orúkọ Kabir Masari sílẹ̀, Peter Obi fi ti Doyin Okupe. Nínú oṣù Keje ni Shettima àti Datti Baba-Ahmed tó bọ́ sípò wọn. Ó bọ́ sí i fún wọn, ṣùgbọ́n òfin kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ adiàyèmú. Ẹni tórúkọ rẹ̀ bá dé INEC ni igbákejì, ó parí. Lábẹ́ òfin tí wọ́n fi dìbò 2023, àfi kó kú, tàbí kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun yọwọ́, kó fúnra rẹ̀ mú un fún ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ sì fi tó INEC létí, ó pẹ́ tán, nígbà tí ìdìbò bá ku 90 ọjọ́. Bí ìjókòó náà bá wá dùn mọ́ ọn ńkọ́, tó ní òun kò dìde mọ́? Ẹ kò lè lé e. Gbèdéke máa ń yí láti ìdìbò kan sí òmíràn, torí náà ìlànà tí INEC bá gbé jáde fún ìdìbò tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Èmi ò bá fẹ́ kẹ́ ẹ di àyè kankan mú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ẹkùn wá kù, ọ̀rọ̀ ìṣirò ìbò sì ni. Abala 134 ní kí ẹni tó fẹ́ wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Ìpínlẹ̀ 24 nìyẹn nínú 36. Ẹkùn kan ṣoṣo kò lè gbé èèyàn débẹ̀. Ní 1979, Awólọ́wọ̀ mú Philip Umeadi, ará Gúúsù bíi tirẹ̀ àti Kìrìsìtẹ́nì bíi tirẹ̀. Shagari tó mú Alex Ekwueme láti ilẹ̀ Ìgbò ló wọlé. Nígbà tí 1983 dé, Awólọ́wọ̀ mú Muhammadu Kura láti Àríwá, kò sì wọlé náà. Mùsùlùmí ni Abíọ́lá àti Babagana Kingibe ní 1993, àwọn ni ìbò wọn pọ̀ jù kí ìjọba ológun tó fagi lé e. Mùsùlùmí ni Tinubu àti Shettima, àjọ CAN tako ọ̀rọ̀ náà gan-an, wọ́n sì wọlé. Buhari tó mú Pásítọ̀ Tunde Bakare ní 2011 kò wọlé. Lójú tèmi, ẹkùn wúwo ju ẹ̀sìn lọ, àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ àwọn olùdìbò yín.

Ohun kan ṣì wà tí ìgbìmọ̀ kì í fẹ́ dárúkọ níwájú olùdíje, kó má dà bí ẹni pé wọ́n ń ṣépè. Bí ààrẹ bá kú, igbákejì ló ń gbapò. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2010 ni Yar'Adua kú, ọjọ́ kejì ni Goodluck Jonathan búra. Ẹ̀yin náà kò sì lè lé igbákejì dànù bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́ láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀. Obásanjọ́ gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí Atiku bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn ní 2006, ó ní ipò náà ti ṣófo. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 2007 ní kò lágbára bẹ́ẹ̀. Bí igbákejì kò bá kú, tí àìsàn kò sọ ọ́ di aláìlèṣiṣẹ́, tí kò sì kọ̀wé fipò sílẹ̀, àwọn aṣòfin nìkan ló lè yọ ọ́, lábẹ́ abala 143.