Ohun tójú Shevchenko rí, àti ohun tójú èmi náà rí

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ èsì yìí. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀ lẹ́ni ọdún 33, pé alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan sì ti pè ọ́ pé kí o wá gba ikọ̀ òun lójú ẹsẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje ló kù kí líìgì parí, ìsàlẹ̀ tábìlì ni wọ́n wà. O wá ń bèèrè pé, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù bíi tìrẹ, kí ló tún kù tó fẹ́ kọ́ kó tó lè kọ́ ẹlòmíì? O mẹ́nu ba Andriy Shevchenko, atamátàsé Ukréìn nígbà kan tí wọ́n ń pè ní Sheva, pé òun náà kò darí ikọ̀ kankan rí tí wọ́n fi gbé Ukréìn lé e lọ́wọ́, ó sì gbé wọn dé ibi tó ku orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní ìdíje ife Yúróòpù.

Òótọ́ lo sọ nípa Sheva, àmọ́ o ti fo ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lèmi náà fò, mo sì fimú kó ata.

Atamátàsé lèmi náà. Ọdún 11 ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù ní àwọn líìgì kéékèèké nílẹ̀ yìí kí orúnkún òsì mi tó kọ̀ fún mi. Wọ́n mọ̀ mí ládùúgbò, àwọn ọmọdé máa ń fi orúkọ mi pe ara wọn lórí pápá. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ pè mí láàárín sáà, lọ́dún 2018, pé kí n wá ṣe kóòṣì, mi ò bèèrè ohunkóhun. Mo rò pé ohun tó wà lẹ́sẹ̀ mi máa gba ẹnu mi wọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta lojú mi là. Wọ́n ti gbá góòlù méjì sáwọ̀n wa kí fèrè ìsinmi tó dún. Mo wọ yàrá ìmúra, mo ń pariwo, mo ń ròyìn bí mo ṣe máa ń ṣe é nígbà tèmi. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń gbá ọwọ́ ẹ̀yìn lápá òsì, kò tíì pé ogún ọdún. Ó fi eyín já ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ó ń da omi rẹ̀ sí ojúgun rẹ̀ tó ti bó. Ó gbójú sókè, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí nọ́ńbà méje wọn bá ti gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín, ṣé kí n tẹ̀ lé e ni, àbí kí n dúró de ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀?”

Kò bèèrè láti dójú tì mí. Ọmọ náà fẹ́ mọ̀ ni. Mo lanu, kò sóhun tó jáde. Nínú gbogbo ọdún 11 yẹn, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí, ibi tó yẹ kí ọwọ́ ẹ̀yìn dúró sí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n sá kúrò níbi tó bá wà. Mo ní kó ṣáà máa ṣe é bó ṣe lè ṣe é. Ó ní “ó dáa, sà”, ó tẹrí ba, ó so okùn bàtà rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tá a padà sórí pápá lọ tí góòlù kẹta fi wọlé, apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì gbà wọlé. Mo ṣì ń rí ojú ọmọ náà bó ṣe yíjú wo ibi tí mo dúró sí.

Ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n lé mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ni wọ́n fi lé mi, òru ni mo kà á. Wọ́n jẹ mí lówó oṣù méjì, mi ò rí i gbà dòní. Ó dùn mí, àmọ́ kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn.

Àsìkò tí mo wà nílé láìníṣẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ Sheva, mo ń wá ohun tí òun ṣe tí èmi ò ṣe.

Ní ti bọ́ọ̀lù gbígbá, kò sí nǹkan tó kù tó fẹ́ fi han ẹnikẹ́ni. Abúlé Dvirkivshchyna ní ìpínlẹ̀ Kyiv ni wọ́n ti bí i ní 1976. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Chernobyl bú gbàmù ní 1986, tí wọ́n kó òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nílé lọ sí etíkun. Dynamo Kyiv ló tọ́ ọ. Ní oṣù kọkànlá 1997, ó gbá mẹ́ta sáwọ̀n Barcelona ní Camp Nou kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Dynamo nà wọ́n 4-0. Góòlù 175 ló gbá fún Milan ní Ítálì. Òun ló gbá pẹnáritì tó fún wọn ní ife Champions League ní Manchester ní 2003, òun náà ni wọ́n mú pẹnáritì rẹ̀ tí ife náà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn ní Istanbul ní 2005. Láàárín méjèèjì ló gba Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ, ní 2004. Ó gbá góòlù 48 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 111 fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń kọ́ni, ẹsẹ̀ yẹn ì bá tó kọ́ gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n wo ẹni tó kọ́ òun fúnra rẹ̀. Valeriy Lobanovskyi, tó darí Dynamo lọ́jọ́ tí wọ́n na Barcelona yẹn, agbábọ́ọ̀lù tó lókìkí ni òun náà. Ọwọ́ iwájú lápá òsì ló ń gbá, ó wà nínú ikọ̀ Dynamo tó gba líìgì Soviet ní 1961, ìgbà àkọ́kọ́ tí ife náà kúrò ní Moscow. Kọ́nà rẹ̀ máa ń ká bọ̀ láti òfuurufú bí ewé gbígbẹ tó já lórí igi, wọ́n sì ń torí rẹ̀ wá sí pápá. Síbẹ̀, nígbà tó fẹ́ di kóòṣì, kò sẹ́ni tó gbé Dynamo lé e lọ́wọ́. Dnipro ló lọ, ìpele kejì ni wọ́n wà nígbà náà. Ibẹ̀ ló ti rí Anatoliy Zelentsov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àwọn méjèèjì sì jọ ń fi òǹkà wo gbogbo ohun tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń ṣe lórí pápá, ibi tó sá dé, bọ́ọ̀lù tó pàdánù. Ní 1971 ni Dnipro gòkè. Lẹ́yìn èyí ni Dynamo tó ránṣẹ́ pè é, ó sì bá wọn gba Cup Winners' Cup, ọ̀kan lára àwọn ife Yúróòpù, ní 1975 àti 1986. Ọdún 2002 ni baba náà kú. Nígbà tí Sheva gba Champions League lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbé mẹ́dàlì rẹ̀ lọ sí ibojì rẹ̀ ní Kyiv. Mo gbà pé ẹni tó mọ irú ẹni tó kọ́ òun báyẹn kò lè fojú kékeré wo iṣẹ́ náà.

Wàyí o, ibi tó o fò rèé. Sheva fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 2012. Ó gbìyànjú òṣèlú, ẹgbẹ́ tó bá lọ kò rí ìjókòó kankan nílé aṣòfin. Oṣù kejì 2016 ló tó wọ inú ikọ̀ Ukréìn, igbákejì Mykhaylo Fomenko ló sì wọ̀ ọ́ ṣe. Igbákejì, àbúrò mi. Ẹni tó ti gba Ballon d'Or! Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fomenko ní ìdíje Yúróòpù ní Faransé lọ́dún yẹn, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Jámánì, Northern Ireland àti Pólàńdì, wọn ò gbá góòlù kan ṣoṣo sáwọ̀n. Lẹ́yìn tó ti rí ìyẹn ní tòsí ni wọ́n tó fi í ṣe ọ̀gá ní oṣù keje.

Ẹni tó wá pè mọ́ra ló jẹ́ kí n jókòó ronú. Mauro Tassotti ni, tó gbá ọwọ́ ẹ̀yìn fún Milan lọ́pọ̀ ọdún pẹ̀lú Baresi àti Maldini, tó tún ṣe igbákejì kóòṣì níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Atamátàsé mọ ibi tí òye òun ò dé, ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n wá. Ká ní irú Tassotti kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú yàrá ìmúra yẹn, òun ì bá dá ọmọ náà lóhùn.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ọdún méjì àkọ́kọ́ kò rọrùn. Ní oṣù kẹwàá 2017, Croatia wá nà wọ́n 2-0 ní Kyiv, ìrìn àjò ife àgbáyé 2018 sì dópin níbẹ̀. Bí wọ́n bá lé e lọ́jọ́ yẹn, ìwọ kì bá máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún mi lónìí. Wọ́n fi í sílẹ̀. Ní 2019 ni irúgbìn náà tó hù: wọ́n na Serbia 5-0 ní Lviv, wọ́n na Portugal 2-1 ní Kyiv, wọ́n sì ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí wọn.

Mo wo ọ̀kan nínú àwọn eré ọdún yẹn nílé ìwòran kan ní Mọ́kọ́lá. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ni, àwa gan-an ni wọ́n gbà lálejò, ní Dnipro. Joe Aribo, ọmọ wa tí wọ́n bí ní London, Olúwaṣèyí Tèmítọ́pẹ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ń wọ aṣọ Super Eagles fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ló sì kọ́kọ́ gbá a wọlé. Osimhen fi pẹnáritì ṣe é ní méjì. Ilé ìwòran ń mì tìtì, àwọn kan ti ń to orí bẹ́ǹṣì. Nígbà ìsinmi, èmi ò lè bá wọn yọ̀ tán. 2-0, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Mò ń rò ó pé kí ni wọ́n ń sọ fáwọn ọmọ yẹn báyìí nínú yàrá ìmúra. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú 80, Zinchenko dá ọ̀kan padà. Ká tó mí, Yaremchuk ti gbá ìkejì. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rìn lọ sílé láìwọ ọ̀kadà.

Ní 2020 náà, àrùn Kòrónà kó àwọn aṣọ́lé wọn nílẹ̀, débi pé Oleksandr Shovkovskyi, ẹni ọdún 45 tó wà lára àwọn olùkọ́ni, ló jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣọ́lé àfirọ́pò níwájú Faransé. Faransé nà wọ́n 7-1. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n na Spain 1-0. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ikọ̀ tí kò fọkàn tán kóòṣì rẹ̀ lè ṣe. Ìdíje Yúróòpù tó o sọ, o mọ bó ṣe lọ: wọ́n rọ́nà já nínú ìsọ̀rí, wọ́n na Sweden 2-1 ní Glasgow ní àfikún àkókò, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi 4-0 lé wọn padà sílé láti Róòmù.

Èyí tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn jù lọ ni Genoa, ikọ̀ kan ní Ítálì. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn ìdíje yẹn, ní oṣù kọkànlá 2021, ó gba ikọ̀ yẹn láàárín sáà, nígbà tí nǹkan ti ń bàjẹ́ fún wọn. Orí kan náà ló gbé lọ, Tassotti náà bá a lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì mẹ́sàn-án: ó pàdánù mẹ́fà, ó gbá ọ̀mì mẹ́ta. Ìgbà kan ṣoṣo tó borí, nínú ìdíje ife Ítálì ni. Milan, ilé ara rẹ̀, ló lé e jáde nínú ìdíje náà ní San Siro, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní 2022. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ bọ́. Kò tó àádọ́rin ọjọ́. Ukréìn fún un ní ọdún márùn-ún, ó sì fara balẹ̀ kọ́ ilé rẹ̀. Genoa gbé ilé tó ń jó fún un pé kó wá sùn síbẹ̀. Ilé tó ń jó ni alága tìrẹ náà gbé síwájú rẹ yìí.

Èmi lọ sábẹ́ kóòṣì àgbà kan lẹ́yìn náà, sáà mẹ́rin ni mo sì lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní sáà àkọ́kọ́, baba náà ní mi ò gbọdọ̀ kọ́ atamátàsé kankan. Àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn nìkan ni kí n máa bá ṣiṣẹ́. Ó bí mi nínú. Àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn. Kó tó kúrò lójú kan, kó kọ́kọ́ wo inú. Bí ẹni àárín wa bá wà ní tòsí, kó pariwo kí ìyẹn gba nọ́ńbà méje, kí òun dúró de ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú, kó tẹ̀ lé e, kó má já bọ́ọ̀lù, kó ṣáà dí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ títí ẹnìkan á fi padà. Ọ̀rọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Odidi sáà kan ló gbà mí kí n tó lè fi ṣe àfihàn lórí pápá kó sì yé ọmọdé.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, màá sọ fún alága pé kí igbákejì tó wà níbẹ̀ parí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje tó kù, kí n jókòó tì í, kí n máa kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Bí sáà tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ká wá jọ sọ̀rọ̀ ọdún méjì, nínú ìwé, kó sì jẹ́ kí n mú ẹni tó mọ̀ nípa ọwọ́ ẹ̀yìn dání. Ní báyìí náà, lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìwé àṣẹ kóòṣì rẹ láti ìsàlẹ̀.

Bó bá ní òun ò gbà, jẹ́ kó wá ẹlòmíì. Ikọ̀ tí mò ń darí nísinsìnyí ń ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mi ò sì ní ẹni tó ń mójú tó àwọn atamátàsé mi. Owó ọkọ̀ nìkan ni mo lè máa fún ọ títí sáà yìí á fi parí. Bó o bá fẹ́, fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kó o wá bá wa ní ọjọ́ Ajé.