Thick: ibi tó ti jẹ́ nípọn, ibi tó ti jẹ́ ki, àti ibi tí kò ti jẹ́ ọ̀kankan nínú wọn

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni thick túmọ̀ sí gan-an, nígbà tí wọ́n ń lò ó fún ìwé, fún ọbẹ̀, fún irun àti fún igbó, tí wọ́n sì tún fi ń bú èèyàn. Ẹni tó béèrè ní nípọn ni wọ́n kọ́ òun, àmọ́ kì í wọ gbogbo ibi tóun ti ń rí i. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ tí thick nìkan ń ṣe nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ó kéré tán la pín in fún lọ́dọ̀ tiwa.

Ẹ kọ́kọ́ mú ohun tó ṣeé wọ̀n. Ká ní pákó kan gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3. Ìwọ̀n tó kẹ́yìn yẹn, láti ojú kan pákó sí ojú kejì, ni thick ń sọ. Iye ló máa ń ṣáájú: the board is three centimetres thick. Bó bá wá bọ́ síwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹ yọ s kúrò, kẹ́ ẹ sì fi àmì ìsopọ̀ so wọ́n pọ̀: a three-centimetre-thick board. Báyìí náà la ṣe ń lò ó fún ògiri, aṣọ, yìnyín àti ìwé tí ojú ewé rẹ̀ pọ̀. Ohun roboto náà wà níbẹ̀: okùn, ẹ̀ka igi, ọrùn, ìka ọwọ́. Okùn ńlá la máa ń wí, ìdí nìyẹn tí big rope fi máa ń yára bọ́ lẹ́nu wa. Thick rope ni kẹ́ ẹ sọ.

Ìkejì ni ki. Ọbẹ̀ tó ki, ọ̀dà tó ki, thick ni méjèèjì. Èyí tó ṣàn ni thin. Bẹ́ ẹ bá pè é ní watery, ẹ ti ń ráhùn nípa rẹ̀ nìyẹn. Tíì kò bá wọn lọ: tíì tó le dáadáa, strong tea ni.

Ìkẹta ni ohun tó pọ̀, tó sún mọ́ra débi pé ojú ò lè là á já. Igbó kìjikìji ni thick forest, kùrukùru tó bolẹ̀ ni thick fog. Irun tó pọ̀, tó kún orí, thick hair ni. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni irun náà le, tó ń gún ọwọ́, coarse lẹ ń wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ níbí ni òjò àti ọkọ̀ tó dí ojú títì. Wọn kì í sábà sọ thick rain tàbí thick traffic. Heavy ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ohun tó kún inú afẹ́fẹ́ tàbí tó bo nǹkan, with ló ń tẹ̀ lé e, kì í ṣe of: the air was thick with smoke.

Ohùn ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù lọ, torí Yorùbá gan-an ló ń tì wá síbẹ̀. A máa ń sọ pé ohùn ọkùnrin kan ki, a sì ń fi yìn ín. Bẹ́ ẹ bá wá kọ he has a thick voice, ohun tí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á rò ni pé ẹkún, òtútù tàbí ọtí ti dí i lọ́fun, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò fi já gaara. Ohùn tó lọ sílẹ̀, tó rinlẹ̀, deep voice ni. A thick accent tún yàtọ̀: bí èèyàn ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ń fi ibi tó ti wá hàn gedegbe, ó sì lè ṣòroó gbọ́.

Èèyàn náà nìyí. Ẹni tó kúrú, tó sì ki pọ́pọ́, ẹ pè é ní stocky. He is thick túmọ̀ sí pé olódo ni, pàápàá lẹ́nu àwọn ará Britain, èébú sì ni. Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń lò ó fún obìnrin tí ìdí àti itan rẹ̀ kún, àmọ́ ẹ má gbé ìyẹn lọ síbi iṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé èèyàn lè jẹ́ thin, síbẹ̀ fat ni òdìkejì rẹ̀, kì í ṣe thick. Ẹni tó bá ti há thin àti thick sórí bí ẹni há ìbejì, ibí yìí ló máa mú un.

Ní ti pípè, ẹ ti ṣóńṣó ahọ́n bọ àárín eyín òkè àti tìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ rọra fẹ́ atẹ́gùn jáde, kẹ́ ẹ má fa i náà gùn. Bí ahọ́n bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín, tick lẹ pè: àmì tí olùkọ́ ń fi sí ìdáhùn tó tọ̀nà, tàbí eégbọn. Bó bá di s, sick ni, ìyẹn àìsàn.

Lọ́dọ̀ wa, nípọn àti ki jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe, wọ́n ń dá dúró. Thick kò lè dá dúró, is tàbí was gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: the soup is thick. “Ó nípọn ju tèmi lọ” ni it is thicker than mine. Ẹ má fi more kún un. “Ó ki gan-an” ni very thick. Too thick jẹ́ “ó ki jù”, àbùkù ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé kí nǹkan ki sí i, thicken ni.

Àwọn àkànlò tẹ́ ẹ máa bá pàdé kò pọ̀. Ẹni tó ní thick skin, èébú kì í tètè dùn ún, ìyìn ló sì sábà máa ń jẹ́. Aláìnítìjú kọ́ ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ní èèyàn méjì jẹ́ thick as thieves, kòríkòsùn ni wọ́n, wọn ò jalè. Through thick and thin ni ìgbà dídùn àti ìgbà kíkan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ́ ọ: ẹ má kọ thick nìkan sínú ìwé yín. Ẹ kọ ọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, kẹ́ ẹ sì kọ òdìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: thick slice, thin slice; thick soup, thin soup; deep voice, high voice. Fún èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ lọ sórí english-corpora.org, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ ṣí COCA, ìyẹn àkójọ Gẹ̀ẹ́sì táwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ tí wọ́n sì ń kọ, kẹ́ ẹ tẹ thick NOUN, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá nínú NOUN. Àwọn ọ̀rọ̀ orúkọ tó ń tẹ̀ lé thick á jáde, èyí tó wọ́pọ̀ jù ló máa wà lókè. Bí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lò kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ ADJ (ìyẹn ọ̀rọ̀ àpèjúwe) síwájú rẹ̀, bíi ADJ rain, kẹ́ ẹ wo èyí tí wọ́n ń lò.