Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìpàgọ́ Àwọn Ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, olùkọ́ kíláàsì karùn-ún ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn. Ní òpin táàmù yìí, a fẹ́ kó nǹkan bí 30 ọmọ lọ pàgọ́ ní Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó sì sùn sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan tó gbà wá lálejò. Àwọn ibi tí a fẹ́ dé ni Ilé Kòkó, Gbọ̀ngàn Mápó, Ilé-ìṣọ́ Bower, Ọgbà Agodi, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IITA àti adágún Ẹlẹ́yẹlé. Ọ̀gá wa ní kí sáyẹ́ǹsì pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní ohun èlò, àwọn òbí kan sì ń sọ pé ìgbafẹ́ lásán ni. Báwo ni kí a ṣe tò ó? — Olùkọ́, Ìsẹ́yìn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Olúwa yóò ràn yín lọ́wọ́. Ohun tí a ó kọ́kọ́ bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ dín ibi méje yẹn kù sí mẹ́ta. Ọmọ tí ẹ bá ń fi bọ́ọ̀sì gbé kiri láti òwúrọ̀ di alẹ́ yóò rí ìlú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ráyè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohunkóhun, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ àwọn òbí tó ń pè é ní ìgbafẹ́ ti lè jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dé gbé ìbéèrè kan ka iwájú àwọn ọmọ, ìbéèrè tí àwọn fúnra wọn lè wá ìdáhùn sí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Òkè Ààrẹ, níbi tí ilé-ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 fún ìrántí Captain Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, wà. Láyípo ni àwọn ará Ìbàdàn ń pè é nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń yí po nínú. Bí àwọn ọmọ bá gòkè, òrùlé páànù tó ti pọ́n bí ilẹ̀ ni wọn yóò rí lọ títí, ìbéèrè wọn yóò sì jáde fúnra rẹ̀: kí ló sọ páànù funfun di pupa? Ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́nà kí ẹ tó kúrò ní Ìsẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ wá ìgò mẹ́rin tó ní ìdérí àti ìṣó tuntun. Ẹ fi ìṣó gbígbẹ sínú ìgò gbígbẹ kìn-ín-ní, kí ẹ sì dé e pinpin. Ẹ da omi díẹ̀ sí ìkejì, kí omi bo ìdajì ìṣó náà. Ẹ se omi ti ìkẹta kí ó hó dáadáa kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ bo ìṣó mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì da òróró lé e lórí. Omi oníyọ̀ ni kí ẹ lò fún ìkẹrin. Ẹ gbé àwọn ìgò náà dání lọ sí ibùdó. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti orí Láyípo dé, kí wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì, wọn yóò sì rí i pé àwọn ìṣó tí omi àti afẹ́fẹ́ jọ kàn ni ó dógùn-ún. Ìgbà náà ni kí ẹ ṣàlàyé pé síńkì ni wọ́n fi ń bo irin páànù, àti pé bí síńkì náà bá ti jẹ tán, irin yóò bọ́ sọ́wọ́ òjò.

Ẹ ó tún fẹ́ fi òjìji wọn gíga nǹkan. Ẹ má ṣe é ní Láyípo, nítorí pé orí òkè ni, òjìji rẹ̀ sì ń já sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èyí tí yóò ba ìṣirò jẹ́. Ẹ má sì ṣe é ní Dùgbẹ̀ nídìí Ilé Kòkó, níbi tí ọkọ̀ kì í dá. Òpó àsíá inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ sùn sí ti tó. Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ kó dúró ṣánṣán, kí mítà kan gééré yọ sókè ilẹ̀, kí ẹ wọn òjìji rẹ̀, kí ẹ wọn ti òpó náà ní àkókò kan náà. Bí òjìji igi bá jẹ́ ìdajì mítà, tí ti òpó sì jẹ́ mítà mẹ́rin, mítà mẹ́jọ ni gíga òpó. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nítorí pé lọ́sàn-án gangan oòrùn a máa súnmọ́ àtàrí, òjìji a sì kúrú jù. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ fún wọn pé gíga Ilé Kòkó tó nǹkan bí mítà 105, kí wọ́n ṣírò iye òpó tí yóò gorí ara wọn kí ó tó dé ibẹ̀.

Ọgbà Agodi ni ìkejì. Omíyalé odò Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ, 1980, ba ọgbà yìí jẹ́ gidigidi, àwọn àgbà Ìbàdàn kò sì tíì gbàgbé ọjọ́ náà. Ẹ la kéègì òróró méjì ní ìbú, kí ẹ da iye yẹ̀pẹ̀ kan náà sínú wọn, kí ẹ gbin koríko tòun ti gbòǹgbò sí ọ̀kan, kí ẹ sì fi èkejì sílẹ̀ lásán. Ẹ fi nǹkan gbé ìdí àwọn méjèèjì ga díẹ̀, kí ẹ gbé ife sí ẹnu wọn, kí ẹ sì fi agolo tí ẹ ti lu ihò sí nídìí rọ òjò lé wọn lórí. Ẹ fi ara balẹ̀ níbí, kí ọmọ kan máa wo aago, kí òmíràn máa kọ ọ́ sílẹ̀. Omi ẹrẹ̀ yóò yára kún ife ti yẹ̀pẹ̀ lásán, ti koríko yóò sì máa kán díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó bá rí èyí yóò lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ro igbó etí odò dànù tí a sì kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi.

Ìkẹta ni ọgbà ẹranko. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ẹranko kan, kí ó dúró tì í fún 20 ìṣẹ́jú, kí ó sì máa kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ti Ẹlẹ́yẹlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò: olùkọ́ díẹ̀ kò lè ṣọ́ 30 ọmọ létí adágún, omi tó dúró sójú kan sì lè ní kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá.

Ní alẹ́, ẹ rẹ ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò sínú omi gbígbóná, kí ẹ pín in sí ife mẹ́ta. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, pupa rẹ̀ yóò tàn sí i. Ẹ fi káún sí èkejì, yóò yí padà di aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró. Ẹ fi ìkẹta sílẹ̀ fún ìfiwéra. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu wọ́n.

Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé gbogbo èyí láìtijú. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà, fi hàn pé kò pa àwọn ọmọ náà lára, kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ti àwọn òbí, ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá padà, kí àwọn ọmọ tún kéègì méjèèjì ṣe níwájú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ mi obìnrin, ó ní ikọ́ sémìísémìí (asthma), kò sì sùn níta rí. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ́ kó wọn lọ pàgọ́. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ? — Ìyá kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ béèrè olùkọ́ obìnrin tí yóò sùn sí yàrá àwọn ọmọbìnrin, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ibùdó, àti bóyá àwọ̀n ẹ̀fọn wà. Ẹ fi oògùn tó ń fà símú lé olùkọ́ kan pàtó lọ́wọ́, kí ẹ kọ bí a ṣe ń lò ó sínú ìwé, kí ẹ sì rí i pé ọmọ fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lò. Bí wọn kò bá lè dárúkọ ẹni tí yóò mójú tó oògùn náà, ẹ jẹ́ kó máa bá wọn jáde lójúmọmọ bí ibùdó bá wà nítòsí, kó sì máa padà wá sùn sílé. Bí ó bá jìnnà, ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.