Ilé àti mọ́tò tí ilé iṣẹ́ fún ọ: ọrùn ta ni owó orí wọn wà?

Òkun o, àbúrò. Mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta gba ilé fún ọ ní Kabba, wọ́n tún kó mọ́tò lé ọ lọ́wọ́, àmọ́ láti oṣù kìíní tó kọjá ni owó oṣù rẹ ti ń dínkù, akáǹtáǹtì sì sọ pé owó orí ilé àti mọ́tò ni. O wá ń béèrè pé ṣé kì í ṣe ẹni tó fúnni ní nǹkan ló yẹ kó san owó orí rẹ̀.

Ìwọ ni o máa san án. Má bínú sí mi. Lójú òfin, ohunkóhun tí ọ̀gá bá fún ọ torí pé ò ń ṣiṣẹ́ fún un, ara owó iṣẹ́ rẹ ló wà, ì báà jẹ́ ilé, ì báà jẹ́ mọ́tò. Ti ilé iṣẹ́ ni pé kí wọ́n yọ owó orí náà kí wọ́n tó sanwó fún ọ, kí wọ́n sì san án fún ìjọba ìpínlẹ̀, kó má kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. PAYE náà nìyẹn, kò lọ́jú pọ̀.

Iye tí wọ́n ń yọ ni kí o lajú sí. Ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń la títì ni mo bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Wọ́n ra Hilux àlòkù kan fún mi ní ₦4,000,000. Ṣé ẹ mọ ohun tí akáǹtáǹtì ṣe? Ó gbé odindi mílíọ̀nù mẹ́rin lé orí owó ọdún mi, bí ẹni pé wọ́n ka owó náà sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo gba ìwé owó oṣù, ohun tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ kò ra báàgì ìrẹsì kan. Mo bi í, ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣírò ó. Bẹ́ẹ̀ òfin ò sọ bẹ́ẹ̀! Mọ́tò tí ilé iṣẹ́ bá fi owó ara wọn rà, 5% iye tí wọ́n rà á ni wọ́n ń kà sí ọ lọ́rùn lọ́dún. Nínú mílíọ̀nù mẹ́rin, ₦200,000 nìyẹn. Lórí ₦200,000 yẹn ni wọn yóò ti wá yọ owó orí. (Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni ilé iṣẹ́ háyà mọ́tò, iye tí wọ́n fi ń háyà á lọ́dún ni wọ́n máa kà.)

Mo kọ lẹ́tà, akáǹtáǹtì ní kí n lọ bá àwọn agbowó orí. Mo wọ mọ́tò dé Lọ́kọ́ja, trélà dí wa lọ́nà ní Obajana títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí mo rí wọn bá sọ̀rọ̀, ìyá kan tó ń jẹ ẹ̀pà nídìí tábìlì ní kí n padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ilé iṣẹ́ tún lọ háyà agbaninímọ̀ràn kan tó wọ kóòtù, gbogbo ohun tí mo bá bi í, òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn. Mo ní kó fi ojú ewé tó ti rí i hàn mí, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ewé. Èmi fúnra mi ni mo lọ ṣe fótókọ́pì òfin náà, mo fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ 5%, mo gbé e ka iwájú akáǹtáǹtì. Ó fi ìka tọ ìlà náà, ètè rẹ̀ ń jì wuyẹ́wuyẹ́, ó wá gbójú sókè, ó ní, “Níbo lo ti rí èyí?” Wọ́n tún un ṣe lóṣù tó tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀? Ó ti wọ àpò ìjọba, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń jáde.

Ilé kò le tó bẹ́ẹ̀. Láti January 1, 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, iye ilé tí wọ́n máa kà sí ọ lọ́rùn kò gbọdọ̀ ju 20% owó ọdún rẹ lọ, láìka ilé náà mọ́ ọn. Ká ní ₦2,000,000 lò ń gbà lọ́dún, ilé kò lè ju ₦400,000. Ká ní mọ́tò rẹ jẹ́ ₦8,000,000, 5% rẹ̀ náà jẹ́ ₦400,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kò ní owó orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15% ni. Owó iṣẹ́ rẹ fúnra rẹ̀ ti gba ₦800,000 àkọ́kọ́ yẹn tán, nítorí náà 15% ni wọ́n máa yọ lórí ilé àti mọ́tò, ìyẹn ₦120,000 lọ́dún; kò gbọdọ̀ mú ju ₦10,000 lọ kúrò nínú owó oṣù rẹ. Fi ti ìwé tìrẹ wé e.

Bàtà, akoto àti aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ń fún yín níbi òkúta, wọn kì í kà á. Oúnjẹ kántíìnì náà bẹ́ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o kọ owó ilé síwájú ìjọba kí wọ́n lè dín owó orí rẹ kù, má dá a lóhùn. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ san owó ilé ni àǹfààní yẹn wà fún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún béèrè ìpínlẹ̀ tí owó orí yín ń lọ. Ibi tí èèyàn ń gbé ló yẹ kó lọ, kì í ṣe ibi tí hẹdikọ́tà wà. Èmi ń sùn ní Kabba, wọ́n ń san tèmi sí Èkó. Ọjọ́ tí mo fẹ́ gba tax clearance, ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ti san owó orí, fún ìwé ilẹ̀ mi, ti ọdún mẹ́ta ni wọ́n béèrè, kò sí orúkọ mi níbì kankan ní Kogi.

Mo ti fẹ́ gbàgbé èyí tó kàn ọ́ jù. Lọ wo lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́. Tó bá wà níbẹ̀ pé iye tí wọ́n dá lé jẹ́ iye tó máa dé ọwọ́ rẹ lẹ́yìn owó orí, àwọn ni yóò ru ẹrù náà, owó orí tí wọ́n bá sì bá ọ san, òfin tún kà á mọ́ owó rẹ. Bí kò bá sí nínú lẹ́tà, ìlérí ẹnu lásán ni, akáǹtáǹtì kò ní gbà á. Àti pé ta ló ń ra epo sí mọ́tò yẹn? Bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ni, tí o sì ń gbé e lọ síbi ìgbéyàwó ní Mopa lọ́jọ́ Sátidé, béèrè lọ́wọ́ wọn báyìí bóyá wọ́n ti ń kà á, kí wọ́n má bàa kó gbogbo rẹ̀ dé lópin ọdún.