Ètò wo ni kí olùbẹ̀rẹ̀ fi máa gé fídíò lórí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kò ju 8GB lọ?

Shotcut ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kì í lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ fídíò yín, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Orí shotcut.org gan-an ni kí ẹ ti gbà á. Kdenlive náà dára, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ lọ gba DaVinci Resolve. Òótọ́ ni, ó lágbára púpọ̀, pàápàá lórí títún àwọ̀ ṣe, ó sì ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Àmọ́ 8GB kéré fún un. Ó tún ń fẹ́ káàdì àwòrán (graphics card) tó lágbára. Ẹ fi sílẹ̀ ná.

Bí fídíò bá ń há bí ẹ ṣe ń gé e, pàápàá fídíò 4K (èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere gan-an, tó sì tóbi) tí ẹ fi fóònù yà, ẹ lọ sí Settings nínú Shotcut, kí ẹ tan Proxy. Yóò ṣe ẹ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ ó máa fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojúlówó fídíò ni yóò lò nígbà tí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ jáde. Èyí ló ń gba kọ̀ǹpútà kékeré sílẹ̀ jù.

Tó bá jẹ́ Mac lẹ ní, ẹ lo iMovie, ètò gígé fídíò ti Apple, dípò Shotcut.